Ojú Ń Pọ́n Ẹja Kan Lódò Ògùn

Àbíkẹ́yìn mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ọjọ́ Àìkú la máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Lọ́jọ́ kan báyìí, kò tíì kí mi tán tó fi yí fóònù kúrò lójú ara rẹ̀. Ilé ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló wà, wọ́n pè é wá jẹun. Àpótí gíláàsì kan ni mo rí, ó gùn tó àga oníjókòó mẹ́ta, omi kún inú rẹ̀, koríko tútù ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ẹja wẹẹrẹ bíi mẹ́wàá sì ń lọ ń bọ̀ pọ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo ìsinmi fún.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì," ó ní. "Wọ́n ní Nàìjíríà ni ẹja yìí ti wá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ẹja ni," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, màmá òyìnbó kan tó ti dàgbà, bọ́ síwájú, ó kí mi, ó ní odò tí ẹja náà ti wá ń jẹ́ "Ogun". Bó ṣe pè é, ogun tí wọ́n ń fi ìbọn jà ni. Mo ní kí ọmọ mi bá mi sọ fún un pé Ògùn ni, dò dò, kì í ṣe Ògún alágbẹ̀dẹ, kì í sì í ṣe oògùn tí wọ́n ń há fún aláìsàn níbi iṣẹ́ wọn. Màmá náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta dára díẹ̀.

Èmi tí mo ń tún ohùn ṣe sí i lẹ́nu yìí, ilé mi sí odò Ògùn kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Orúkọ odò yìí náà ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tó ń gbé ní Hamburg ló wá mọ ohun tó ń gbé inú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi fi orúkọ ẹja náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp: Arnoldichthys spilopterus. Mo jókòó tì í bí ìgbà tí mo ń múra ìdánwò. George Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ní 1909, ó sì kà á mọ́ agboolé àwọn ẹja kan tó ti wà nílẹ̀. Ní 1926, George Myers, ará Amẹ́ríkà, rí i pé kò bá wọn tan tó bẹ́ẹ̀, ó yọ ọ́ jáde, ó dá agboolé tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì fi orúkọ Arnold, ará Jámánì kan tó fẹ́ràn àtimáa sin ẹja nínú gíláàsì, sọ agboolé náà. Spilopterus, èdè Gíríìkì ni, onílẹbẹ alábàwọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Títí di òní, òun nìkan ṣoṣo ló ń gbé agboolé yẹn, kò lẹ́gbọ̀ọ́n, kò lábùúrò. Ìsàlẹ̀ odò Ògùn àti ìsàlẹ̀ odò Ọya ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Nàìjíríà nìkan nìyẹn. Bí èèyàn bá wá a lọ sí Gánà tàbí Kóńgò, ìbátan rẹ̀ ni yóò bá, kò ní í bá òun fúnra rẹ̀.

Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka àárín mi lọ ní gígùn. Ìpẹ́ rẹ̀ tóbi ju ti ẹja kékeré lọ, pàápàá lápá ẹ̀yìn. Ilà wúrà tó ń dán pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrù. Àbàwọ́n dúdú kan wà lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, òun ni òyìnbó rí tó fi sọ ọ́ lórúkọ. Akọ ló rẹwà jù. Lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ ṣe róbótó bí etí abẹ̀bẹ̀, tòun ti ilà aláràbarà. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn kọ́kọ́ ń rí ni ojú. Apá òkè ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

Ẹlẹ́dàá ló fún un ní ojú pípọ́n. Àwa la wá ń pọ́n ọn lójú.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì. Ẹ̀pìyà ni mo máa ń yà sójú pátákó, torí òun ni mo mọ̀ pé wọ́n lè gbé síwájú ọmọ nínú ìdánwò WAEC. Mo yà á títí mo fi lè yà á nínú òkùnkùn: ẹnu, ojú, ìpẹ́, lẹbẹ, ìrù. Kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì mi tí mo mú lọ sétí odò rí. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì tí owó ìfẹ̀yìntì ń falẹ̀, mo ṣa ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi jọ, mo fi ra ẹ̀rọ ìmọ búlọ́ọ̀kù, mo sì gba ilẹ̀ kékeré kan létí títì. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe títí di òní nìyẹn. Àpò sìmẹ́ǹtì kan á mú nǹkan bí ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù onínáìnì jáde bí onítọ̀hún bá bẹ̀rù Ọlọ́run. Á mú àádọ́ta bí kò bá bẹ̀rù rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú búlọ́ọ̀kù, yanrìn ni. Yanrìn tèmi, odò Ògùn ló ti ń wá.

Èbúté tí mo ti ń rà á kò jìnnà sí Ìṣẹrì, ìlú àwọn Àwórì, níbi tí ìtàn ti sọ pé àwo tí Olófin ń tẹ̀ lé lójú omi dúró sí. Oríṣìí awayanrìn méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ń mòòkùn. Wọ́n á ri ọ̀pá gígùn kan mọ́lẹ̀ sínú odò, wọ́n á rọ̀ mọ́ ọn wọlẹ̀ tàwọn ti garawa, wọ́n á bu yanrìn, wọ́n á gòkè, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n á tún lọ. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, ẹ ó fi ojú rẹ̀ tó pọ́n àti etí rẹ̀ tí kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́ dá a mọ̀. Àwọn kejì ni ẹlẹ́rọ. Ọkọ̀ onírin ni tiwọn, ẹ́ńjìnnì ń dún lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru, páìpù tó fẹ̀ tó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọnú omi lọ, ó ń fa ìsàlẹ̀ odò mu, ó sì ń pọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀. Ohun tí àwọn amòòkùn mẹ́wàá yóò fi ọ̀sẹ̀ kan bù, ẹ̀rọ náà á fà á kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ọmọ mi pè mí, mo lọ san owó yanrìn. Bàbá Àwórì kan tí a ti jọ ń ṣòwò pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó máa ń wá ràn án lọ́wọ́ tí kò bá sí iléèwé, ń fi igbá gbọ́n omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dà nù. Ẹja wẹẹrẹ tó bá bá omi wá, á ṣà á sínú garawa fún dídín. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú garawa náà. Ẹ̀pìyà méjì tí kò tíì tó jẹ. Ọmọ àrọ̀ kan, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀. Edé díẹ̀. Lábẹ́ gbogbo wọn ni mo ti rí ojú tó ń wò mí, tí òkè rẹ̀ pọ́n.

Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ìrù gbá mi lẹ́ẹ̀mejì. Wúrà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń tàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpẹ́ rẹ̀. N kò tíì kà á dé ogún tó fi ń ṣí lọ lójú mi, bí àdìrẹ tí wọ́n sá sóòrùn jù. Àwọn àgbà ní ojú ló ń rójú ṣàánú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdí tí n kò fi ṣàánú ẹja yìí láti ọjọ́ yìí wá ni pé garawa ni mo máa ń wò, n kò wo ojú ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń pe ẹja yìí?"

"Ẹja ni, Tíṣà."

"Mo mọ̀ pé ẹja ni. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi léèrè orúkọ ẹ̀fọn kan láàárín ẹ̀fọn. "Ẹja wẹẹrẹ ni. Kò lẹ́ran lára, egungun ló pọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kó díẹ̀ lọ fún ológbò yín ni?"

Mo sọ fún un pé òyìnbó ń tọ́jú ẹja yìí nínú gíláàsì ní Jámánì, pé wọ́n ń fi iná mànàmáná mú omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òtútù, pé màmá tó nì ín sọ fún ọmọ mi pé bíi Euro márùn-ún lòun ra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Márùn-ún wọn yẹn, eélòó ni tiwa?"

Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́. Ó wo garawa, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó tún wo garawa.

"Tíṣà," ó ní, "owó la ti ń dín jẹ."

N kò wá síbí láti ní ká máa kó ẹja yìí tà fún òyìnbó o. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, kò ní í pẹ́ tí àwọn kan yóò fi gbé àwọ̀n olójú ṣíṣẹ́ dé, wọn ò ní í fi ọ̀kan sílẹ̀ fún irú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tí a bí sórí odò, tó jẹun lórí odò, tó sì darúgbó sórí odò, mọ ẹ̀pìyà lórúkọ, ó mọ àrọ̀ lórúkọ, ó mọ gbogbo ẹja tó bá ti lè kún abọ́. Èyí tí kò kún abọ́, "wẹẹrẹ" ni gbogbo wọn. N kò lè bá a wí, nítorí èmi tí wọ́n ń sanwó oṣù fún láti mọ̀ ọ́n kò sàn jù ú lọ.

Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ orúkọ ẹni tí àwọn baba wa ní ó ni odò náà: Yemọja. Yèyé ọmọ ẹja. Láti apá Ṣakí tó ti ń ṣàn bọ̀, tó fi gba Abẹ́òkúta kọjá, tó fi wọ ọ̀sà l'Ékòó, ìyá tí ẹja jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n pè é. Onígbàgbọ́ ni mí, n kì í bọ odò. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn má bọ ìyá àti kéèyàn máa lọ ọmọ ìyá mọ́ sìmẹ́ǹtì.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé orúkọ yẹn. Ní Salvador, létí òkun Rio Vermelho, lọ́jọ́ kejì oṣù Kejì ọdọọdún, wọ́n ń gbé òdòdó, lọ́fínńdà àti dígí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ fún un. Òkun ló di tirẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí òkun ló gbé wọn dé ibẹ̀. Àwọn apẹja ló dá ọdún náà sílẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà kan tí ẹja wọ́n lójú àwọ̀n. Ẹja wọ́n, wọ́n rántí ìyá ẹja. Níhìn-ín ńkọ́? Ẹja wọ́n, a ra fírísà, a kó títù àti kótè tí ọkọ̀ òkun gbé dé sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni kan lè bi mí pé báwo ni yanrìn ṣe kan ẹja, ṣebí ẹja kì í jẹ yanrìn. Ẹ fún mi láyè kí n padà sídìí pátákó fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀pìyà ń gbẹ́ ìtẹ́, tí ẹlòmíì nínú wọn tún ń gbé ọmọ sẹ́nu títí ọmọ fi gbọ́n. Olójú pípọ́n yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abo á tú ẹyin ká, akọ á tú tirẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á sì bá tiwọn lọ. Ẹyin náà lè tó ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n kò sí ìyá nídìí rẹ̀. Koríko etí omi ló ń bò ó, omi tó rọra ń lọ ló ń gbé e jókòó. Ohun tó máa ń pa jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ kan àbọ̀ kéré débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ife omi sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó tó rí i. Oúnjẹ rẹ̀ tún wá kéré jù ú lọ.

Ẹ wá gbé páìpù yẹn síbẹ̀. Kì í ṣe etí odò ló ń fà, àárín ni. Ṣùgbọ́n ihò tó bá gbẹ́ sí àárín kì í dúró ní ihò, yanrìn ẹ̀gbẹ́ á yọ̀ wá dí i. Etí odò á wó lọ́jọ́ kejì, bí ìgbà téèyàn fa ẹní lábẹ́ ẹni tó sùn. Mo ti dúró wò ó. Ìdì eèsún kan wà létí èbúté wa tí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ń so ilé sí. Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró. Lọ́jọ́rú, gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ síta, ó rọ̀ bí irun àìdì. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti wọ́ lọ tòun ti ilé ẹ̀gà. Ibi tí ẹja ń tú ẹyin sí ló bá a lọ. Èyí tó bá yè, kòkòrò ló ń jẹ, ojú ló sì fi ń wá a. Omi tí ẹ̀rọ bá ti rú, ṣe ló máa ń dà bíi tíì onímíìkì. Ojú pípọ́n kò ríran nínú tíì.

Yanrìn nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù láti ọjà Kara ń wọ odò yìí, ọ̀rá omi tútù ń wọ̀ ọ́, dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 náà sì ti yí ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà padà. Ṣùgbọ́n n kò ní màlúù, n kò ní dáàmù. Yanrìn ni tèmi, òun ni mo lè sọ̀rọ̀ lé lórí kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń ṣòfófó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi oníṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ti bú mi tán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Alága wa béèrè ní ìpàdé pé, "Tíṣà, ṣé ẹja ni yóò bá àwọn èèyàn kọ́lé?" Gbogbo ilé pa ẹ̀rín. Ìbéèrè náà kò burú. Èèyàn ń ya wọ apá ibí yìí láti Èkó lójoojúmọ́, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbórí sí, n kò sì lè ní kí wọ́n máa sùn sórí igi. Ìdáhùn tí mo fún alága wa ni ti obìnrin kan tó ra búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ rẹ̀ wà nítòsí odò. Onínáìnì tó dáa ni mo mọ fún un, mo bẹ̀rù Ọlọ́run nínú rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi pè mí wá wo ògiri ọgbà rẹ̀. Odò ti sún wá bá a. Ìlàjì ògiri náà ti dùbúlẹ̀ sínú omi, búlọ́ọ̀kù mi ṣì so pọ̀ dáadáa, kò tilẹ̀ sán. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo yanrìn tí a kó kúrò lódò tó ń padà sódò. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan sí mi. Ó kàn ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, búlọ́ọ̀kù yín le." Ẹ má gbàgbé ọdún 2010 náà, nígbà tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Ọ̀yán lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti àdúgbò etí odò kúrò nílé. Omi tó kún bẹ́ẹ̀ yẹn, etí odò tí koríko rẹ̀ ti wó kò lè bá a jà. Nítorí náà, ẹja kò bá wa kọ́lé lóòótọ́, àmọ́ koríko tí ẹja ń sùn sí ń bá wa di ilé mú.

Ọ̀nà mìíràn ni ọmọ mi gbà yọ sí mi. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn òyìnbó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹja náà yé ẹyin nínú gíláàsì, pé bó bá tilẹ̀ tán lódò Ògùn, kò ní í tán láyé. Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Mo ní kó pe ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá Àgbà." Inú mi dùn. Mo wá bi í pé, "Báwo ni wọ́n ṣe ń dé ilé wa?" Ó ronú, ó ní, "Wọ́n máa ń wọ bàálù." Mo ní lẹ́yìn bàálù ńkọ́? Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ẹsẹ̀ tó ń dùn mí.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n yọ máìlì méjì péré sílẹ̀ nísàlẹ̀ odò Ògùn, níbi tí eèsún ṣì wà lápá méjèèjì. Kí wọ́n ri òpó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Láàárín òpó sí òpó, kò sí páìpù, kò sí garawa, kò sí àwọ̀n. Àwọn amòòkùn tí iṣẹ́ wọn bá bọ́ síbẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe ọlọ́dẹ ibẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ odò jù wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè pa irú òfin yìí mọ́, kó lọ sí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo. Wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀. Òfin náà ti wà kí UNESCO tó fi orúkọ igbó náà sínú ìwé ní 2005, kò sì gba sọ́jà kí àwọn èèyàn tó bọ̀wọ̀ fún un. Tí àwọn kan bá fẹ́ torí Yemọja pa tiwa mọ́, ó dára. Tí àwọn kan bá fẹ́ torí ìwé Jẹ́nẹ́sísì pa á mọ́, ó dára. Èmi, nítorí ògiri obìnrin yẹn àti nítorí ojú tí mo rí nínú garawa ni.

Ta ni yóò sanwó ọlọ́dẹ? Àwa tí à ń ra yanrìn ni. Típà kan kì í kúrò ní èbúté láìja tíkẹ́ẹ̀tì tó oríṣìí mẹ́ta, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi wọ́n á tún ti já méjì mìíràn fún un, n kò sì rí iṣẹ́ tí ẹyọ kan nínú wọn ń ṣe létí odò. Kí wọ́n fi ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn ṣe èyí. Bí wọ́n bá sì ní owó tuntun ni, kí wọ́n gba ẹgbẹ̀rún náírà lé e lórí típà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ mi.

Mo kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní í dárúkọ. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ jókòó, sà. Ọ̀rọ̀ ẹja ni àbí ọ̀rọ̀ yanrìn?" Mo ní ọ̀rọ̀ méjèèjì ni. Ó ní ọ́fíìsì ẹja yàtọ̀ sí ọ́fíìsì yanrìn. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé fọ́ọ̀mù kan jáde fún mi pẹ̀lú ọ̀yàyà. Fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ gbẹ́ adágún láti máa sin àrọ̀ ni. Ó ṣì wà lórí àga ní yàrá mi.

Ní ti yanrìn, n kò tíì ṣíwọ́. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń jẹun lábẹ́ mi. Mo kàn ti pa ti ẹlẹ́rọ tì ni, ti àwọn amòòkùn ni mo ń rà báyìí, ó wọ́n jù, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé, àwọn oníbàárà mi kan sì ti torí ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo tún wà létí odò. Bàbá ń ka owó mi lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ó ń gbọ́n omi. Mo rí i tó dáwọ́ dúró, tó mú ẹja kékeré kan ní ìrù, tó gbé e súnmọ́ ojú ara rẹ̀, tó sì sọ ọ́ padà sódò. Ó mú òmíràn, ó wò ó, òun náà padà sódò. N kò sọ nǹkan kan. Ó mú ẹ̀kẹta, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá na ọwọ́ sí mi kí n lè rí i.

"Tíṣà, èyí kì í ṣe tiyín o," ó ní. "Ojú ẹ̀ ò pọ́n."

Ó sì jù ú sínú garawa.